Ìbọn Tí Wọ́n Bá Lọ́wọ́ Akínbọ̀dé

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá orin dúró ná. Dókítà ti ní ọwọ́ àwọn ò ká àìsàn mi mọ́, n kò sì lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀. Yéjídé, ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ rẹ kò ṣèèṣì yìnbọn pa ara rẹ̀. Èmi Olúdáre ni mo pa á.

Lọ́dún yẹn, ìjọba Wyoming, ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà níbí, mú orúkọ àwọn tó máa pa àgbọ̀nrín nínú ìbò. Akínbọ̀dé rí tag, ìwé àṣẹ láti pa ẹran kan, gbà, èmi ò rí. Òun náà ló bẹ bàbá òyìnbó kan tó ní ranch, oko màlúù ńlá, títí ó fi gbà wá sórí ilẹ̀ rẹ̀. Bàbá náà nawọ́ sí mi, ó ní, "Ìwọ tó ò ní tag, ìran ni kó o wò o." Mo rẹ́rìn-ín. Ìlara ti ń jẹ mí lọ́kàn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo gbé ìbọn tèmi pamọ́ sábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀.

Láàárọ̀, Akínbọ̀dé rákò wọ inú koríko, ó ní kí n dúró ti ọkọ̀. Bí akọ ẹran kan ṣe yọ lórí òkè, mo mú ìbọn mi. Mo mọ̀ pé ẹran ọ̀rẹ́ mi ni. Mo mọ̀ pé n kò mọ ibi tí ọ̀rẹ́ mi ba sí. Mo yìn ín. Ẹran sá lọ. Ọ̀rẹ́ mi ló ké.

Itan ni ọta ti bà á. Ó ní, "Dáre, mo mọ̀ pé o ò mọ̀ọ́mọ̀. Ṣáà sáré pe bàbá yẹn." A ń wo òrùlé ilé bàbá náà níwájú wa. Nọ́ọ̀sì sì ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń di itan kí ẹ̀jẹ̀ má dà mọ́. Èmi ìkà, n kò dì í. Ẹ̀wọ̀n ni mo rò, iṣẹ́ mi ni mo rò. Mo gba ìbọn rẹ̀, mo fi tèmi tó bà á sí i lọ́wọ́, kí ọta lè bá ìbọn mu. Nígbà tó rí ohun tí mò ń ṣe, kò bẹ̀ mí mọ́. Ó kàn gbójú kúrò lára mi. Mo jókòó tì í títí ó fi dákẹ́, kí n tó sunkún lọ kanlẹ̀kùn bàbá náà pé ìbọn ti yìn mọ́ ọn lọ́wọ́.

Yéjídé, nígbà tí òkú rẹ̀ dé sí College Park níbi tí a ń gbé, o dì mọ́ mi. O ní, "Uncle, ẹ ṣeun tí ẹ ò fi í sílẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni oorun ò ti ṣe mí lóore. Dárasími ọmọ yín sì gbà títí dòní pé àìbìkítà ló pa bàbá òun. Bá mi sọ fún un pé irọ́ ni.

N kò lójú láti tọrọ ìdáríjì. Àmọ́ má tíì jáde, Yéjídé. Bó bá jẹ́ èpè ni, ṣẹ́ ẹ fún mi, kí n ṣáà gbóhùn rẹ.