Ojú Tí Mo Fi Pa Ọmọ Mi Lẹ́nu Mọ́

Ó di oṣù mẹ́jọ tí mo ti sin ìyàwó mi, láti ìgbà náà ni ọmọ wa, Ràṣídá, kò ti wo ojú mi mọ́. Bí ó bá gbé oúnjẹ wá, ilẹ̀ ni ó ń wò. Àwọn aládùúgbò wa ní Rumuodara, ní Port Harcourt níbí, rò pé ìbànújẹ́ lásán ni. Èmi mọ ìdí rẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni èmi àti ìyàwó mi. Mo ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní ilé-iṣẹ́ kan ní Trans-Amadi. Òun ń ránṣọ níwájú ilé wa. Èmi ka ìwé girama, òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Dókítà obìnrin kan, ọmọ Ikwerre, àwọn onílẹ̀ ìlú yìí, wá sí ìpàdé ọmọ ìlú wa. Ó ní ara àwọn òyìnbó ni wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó kọ ìwé ìṣègùn tí òun kà, òun fẹ́ fúnra òun mọ bí àrùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń bá ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan jà ní Port Harcourt. Ó ń bèèrè bí a ṣe ń jẹ iyọ̀ sí, àti ohun tó pa àwọn òbí wa. Èmi ni ògbufọ̀. Ó ń wé rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ wa lápá, mo ń túmọ̀, n kò fi nǹkan kan pamọ́. Nígbà tí mo ní kí Alùfáà Búsàrí dín iyọ̀ kù, ẹnì kan kígbe pé, "Alùfáà, ẹ óò máa lá ọbẹ̀ bí omi òjò!" A rẹ́rìn-ín.

Ó kan ìyàwó mi. Ìgbà mẹ́ta ni dókítà wé rọ́bà yẹn. Ó wá kọjú sí mi, ó sọ̀rọ̀ pẹ́: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga ju ti gbogbo wa lọ, ọkàn rẹ̀ ń ṣe làálàá, kó wá sí ọsibítù lọ́la, oògùn tó bá bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ dá a dúró. Mo rántí pé ìyá rẹ̀ ṣubú lójijì, ó sì kú. Àyà mi já. N kò fẹ́ kí àyà tirẹ̀ náà já.

Mo ní, "Ó ní kí o máa sinmi."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Ràṣídá! Gbogbo atótó-arére yìí, kí n sinmi nìkan ni? Gẹ̀ẹ́sì yìí mà fẹ́ràn ariwo o!"

Ràṣídá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, dúró lẹ́yìn àga ìyá rẹ̀. Ibí ni a bí i sí. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá lọ. Ó la ẹnu. Mo wò ó. Ẹ mọ bí bàbá ṣe ń wo ọmọ níwájú àlejò. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Mo ní n óò sọ fún ìyàwó mi nílé. Aṣọ Iléyá kún ilẹ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé kó rán wọn tán ná kí n tó sọ. Ó rán wọn tán. Ọdún kọjá, n kò sọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣubú lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ti kú kí a tó gbé e dé ọsibítù.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ràṣídá ti mẹ́nu bà á. "Papa, I hear wetin doctor talk."

Mo ní, "Kí ló dé tí o kò sọ?"

"You look me."

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ yìí mọ̀ pé kò jẹ̀bi, pé èmi ni mo dè é lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ojú tí mo ní láti fi bẹ̀ ẹ́ náà ni mo fi pa á lẹ́nu mọ́.