Afẹ́fẹ́ Tí Mo Pè Ní Kudi

Ẹ̀yin ará ilé gígùn Nanga Serau, gbogbo ìdílé abẹ́ òrùlé kan yìí, ẹ dákun, ẹ gbé ife ọtí ìrẹsì yín sílẹ̀ ná. Ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́, dókítà ní ìlú Sibu kò sì fi pamọ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì tipẹ́. Bí n kò bá pọ̀ ọ́ síwájú yín lónìí, yóò bá mi wọnú pósí. Kì í ṣe kudi ló pa Gerinang. Kì í ṣe ìjì ẹ̀san tí à ń pè bẹ́ẹ̀, tí ń jà nítorí pé wọ́n fi ẹranko ṣẹ̀fẹ̀. Èmi Belayong, ọmọ yín, tí ẹ fi ń yangàn fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò pé òun ló kọ́kọ́ fò lójú ọ̀run nílé yìí, èmi ni mo pa á. Èyí tó sì burú ju pípa lọ ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Awò dúdú kì í kúrò lójú mi, òjò ì báà máa rọ̀. Àwọn ọmọge ń pè mí ní Ọ̀gá Ojú Ọ̀run, èmi a sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, kí wọ́n lè tún un pè. Hẹlikópítà àwọn oníṣègùn ni mò ń wà, tí mo fi ń gbé nọ́ọ̀sì àti oògùn láti ilé gígùn kan dé òmíràn. Lọ́jọ́ náà, Mengan ni nọ́ọ̀sì tó bá mi jáde, a sì ń gbé bàbá rẹ̀, Gerinang, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn ní ọsibítù, bọ̀ wá sílé. Níbi tí a ti dúró gba epo, wọ́n so ọ̀bọ kan mọ́ òpó. Èmi ni mo ṣí fìlà lórí Mengan, tí mo fi dé ọ̀bọ náà. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ọ̀gá ẹ tuntun rèé o, kúnlẹ̀ kí i." Ọ̀bọ náà fọwọ́ tún fìlà ṣe bí ìyàwó tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mengan fọwọ́ bo ẹnu títí, ẹ̀rín ṣáà bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Gerinang nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká ṣí fìlà lórí ẹranko ẹlẹ́ranko, ó sì ń bẹ̀ wá bí ẹni ń bẹ ọmọdé. Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, òkè ìjì lèmi máa ń gbà. Irọ́ ni. Kò sí hẹlikópítà tó ń gba òkè ìjì.

Nígbà tí a yọ sí yín, ojú ọ̀run mọ́ kedere, afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì ń ti orí odò bọ̀. Ó yẹ kí n kọjú sí afẹ́fẹ́ náà kí n sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọjú sí i, ìdí ọkọ̀ ni ẹ̀yin tí ẹ kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìbá rí, ìyá mi sì wà láàárín yín. Mo bá fi ẹ̀yìn fún afẹ́fẹ́, mo ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo yín lè rí ojú mi dáadáa. Abẹ̀bẹ̀ ńlá ló ń gbé ọkọ̀. Abẹ̀bẹ̀ kékeré tó wà nídìí ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa pòyì. Bí ọkọ̀ bá wúwo, tí kò sáré, tí afẹ́fẹ́ sì gba ẹ̀yìn tàbí apá òsì wọlé, abẹ̀bẹ̀ kékeré yóò máa yí lásán, kò ní rí nǹkan dì mú. Kò sí ohun tó já, kò sí ohun tó kán. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti wí títí: nígbà tí wọ́n bá ń wo ìwọ, afẹ́fẹ́ ni kí ìwọ máa wò.

Imú ọkọ̀ rọra yà sápá ọ̀tún, bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Mo tẹ pẹ́dà òsì. Kò dáhùn. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ̀kalẹ̀ nínú òkùnkùn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá àtẹ̀gùn tó kù. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín kọjá lójú mi, odò kọjá, òkè kọjá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tún dé. Gbogbo ìgbà tó bá dé, ẹ ṣì ń juwọ́ sí mi, ẹ rò pé eré ni mò ń ṣe fún yín. Ìyá mi ń pàtẹ́wọ́. N kò gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì mọ́. Ohùn Gerinang nìkan ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń béèrè ọ̀nà: "Ọmọ mi, ta ló di ìrù wa mú?"

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n dín agbára kù, kí n ti imú ọkọ̀ síwájú, kó sọ̀kalẹ̀, ì báà jẹ́ sínú odò. Ṣé kí ẹ wá rí Ọ̀gá Ojú Ọ̀run nínú odò bí adìyẹ tí òjò pa? Mo fi kún agbára kí n lè gòkè. Agbára yẹn gan-an ló mú òòyì náà le sí i. A já lu àká ìrẹsì. Gerinang kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí mo rá jáde, òórùn irun tó ń jó ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn obìnrin ti ń sun irun láti lé kudi, òjò sì ti ń kán nínú oòrùn. Baálé Sanggau, ẹ̀yin lẹ dúró sórí wa, tí ẹ béèrè ẹni tó fi ẹranko ṣẹ̀fẹ̀, nítorí ẹni tó bá jẹ́wọ́ kíákíá nìkan ni ìjì ń fi sílẹ̀. Mengan kúnlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀, ó ní òun rẹ́rìn-ín ọ̀bọ tó dé fìlà. Ó wá kọjú sí mi. Kò bínú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ tiyín náà, kí ìjì lè dáwọ́ dúró."

Mo wo òkú tó wà nílẹ̀, mo rí i pé kò lè ja mí níyàn. Mo ní, "Èmi kẹ̀? Èmi àti bàbá ẹ la jọ kìlọ̀ fún ẹ."

Mo jí ìkìlọ̀ òkú, mo fi pa ọmọ rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Baálé, ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín lé e lọ lọ́jọ́ náà, kò sì sí níbẹ̀ tí a fi sin bàbá rẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí dé láti ìlú ńlá, n kò dárúkọ kudi létí wọn, kí wọ́n má baà fi mí rẹ́rìn-ín. Ìjì òjijì ni mo pè é. Irọ́ kan náà ni, aṣọ méjì ni mo rán fún un. Láti ìgbà náà, bí mo bá dùbúlẹ̀, yàrá a rọra yà sápá ọ̀tún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ a kọjá, ẹ ó máa juwọ́. Gerinang jókòó láàárín yín. Òun nìkan ni kì í juwọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wo ohun tí ìfẹ́ pé kí wọ́n ṣáà rí mi sọ mí dà. N kò tíì bẹ̀ yín kí ẹ foríjì mí. Tèmi lè dúró. Mengan wà ní èbúté nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, nínú ọkọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí i. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó ní òun kò ní gòkè wá àfi bí ẹni tó lé òun bá fẹnu ara rẹ̀ pe òun. Baálé, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ ń dùn yín, ọ̀nà náà sì ń yọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde.