Bọ́ọ̀lù Kan Nínú Gíà Àlájì Hussein

Rárá o, Ọ̀gá Akínṣọlá, ẹ má sọ pé kí n ṣe sùúrù, sùúrù wo ló kù tí mi ò tíì ṣe? Olè! Èmi Làmídì! Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ yín ní Òkokomaikò yìí, tí ẹ ò wá ohun kan tì lójọ́ kan! Gbogbo ẹgbẹ́ mẹ̀káníìkì wá jókòó, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé gíà wá bá mi mọ́. Ẹ jókòó sórí táyà yẹn, gíà tiyín ni mo tú sílẹ̀ yìí, òun nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi, wọn ò jẹ́ kí n sọ ọ́ parí níbi ìpàdé yẹn.

Àlájì Hussein, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń fi mọ́tò Síẹ́nà kó àgbò láti Àlàbá Ràgó. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, gíà rẹ̀ wá ń já a kulẹ̀, bó bá ti kó àgbò sínú, mọ́tò á máa ta gìrì kó tó bọ́ sí gíà kẹta. Ó ní kí n fọ ọpọlọ gíà, ibi tí ọ́ìlì ti ń darí gíà, fún òun, kí n sì tún un ṣe kó lè máa gbé ẹrù. Mo tú u, mo fọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ sípíríǹgì tó ti rọ̀, mo fẹ ojú ihò tí ọ́ìlì ń gbà díẹ̀ kí gíà lè máa tètè dì mú, bí ẹ ṣe kọ́ mi gan-an. Ní gbogbo àkókò yẹn, Àlájì ò kúrò lórí bẹ́ǹṣì! Ẹ mọ bí àwọn onímọ́tò àdúgbò wa ti í ṣe, wọ́n á jókòó ti mọ́tò wọn bí ẹni ń ṣọ́ òkú, kí á má baà fi àlòkù pààrọ̀ nǹkan wọn. Èmi ò bínú sí ìyẹn.

Ìrun Ásárì ni mo lọ kí o! Ìrun lásán! Mo kó àwọn bọ́ọ̀lù irin kéékèèké inú gíà náà sínú abọ́, mo ní, Àlájì, ẹ bá mi ṣọ́ ọ. Ẹ gbọ́ o, òun ni mo ní kó ṣọ́ ọ! Nígbà tí mo dé, tí mo fẹ́ dá wọn padà sójú ihò wọn, ọ̀kan ò sí. Yéè! Mo wo abẹ́ tábìlì, mo dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́ìlì, mo fọwọ́ túlẹ̀, Àlájì ń wò mí, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé bí bọ́ọ̀lù kan ò bá sí, ọ́ìlì á ya ibi tí kò yẹ, gíà á jó. Mo wá lọ tú àlòkù gíà tèmi tó wà lẹ́yìn, irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, mo yọ bọ́ọ̀lù tiẹ̀, ìwọ̀n kan náà, mo fi sí i. Ọ̀fẹ́ ni!

Mọ́tò sì ṣiṣẹ́! Ó wà á dé Ìyànà-Ìbà, ó padà, ó ní ó ń lọ geere. Àwọn mẹ̀káníìkì ti ń kí mi. Àfi bó ṣe ki ọwọ́ bọ àpò jalámíà, tó tú áńkáṣíìfù, tó gbé bọ́ọ̀lù gíà sókè lójú gbogbo ayé. Wàláì, ó ní òun fi dán mi wò ni! Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá n ó jẹ́wọ́ pé ọ̀kan ti sọnù. "Làmídì, kí lo wá fi sínú mọ́tò mi? Bí o bá lè fi òmíràn sí i láìsọ, kí lo ti yọ tí mi ò mọ̀?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé dé iwájú ẹgbẹ́, Ọ̀gá!

Kí lẹ wí? Kí ló dé tí mi ò sọ fún un? Ẹ̀yin lẹ ń bi mí! Bí mo bá ní bọ́ọ̀lù sọnù, ṣé kò ní sọ pé mo ti tà á ni? Mo sọ ọ́, olè. Mi ò sọ ọ́, olè. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Ta sì ló kọ́ mi pé ohun tó bá sọnù lọ́wọ́ mẹ̀káníìkì, kó wá irú rẹ̀, kó pa ẹnu mọ́, kó má dẹ́rù ba onímọ́tò? Ẹ̀yin ni! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ẹ sì jókòó ti alága ẹgbẹ́ níbi ìpàdé yẹn, fóònù lẹ ń tẹ̀! Ẹ̀ bá kàn sọ pé "èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀".

Ọ̀tọ̀-Àwórì ni àwọn oníbàárà mi ń gbé gíà lọ báyìí. Bí mo bá ń kọjá, àwọn mẹ̀káníìkì á máa kó irinṣẹ́ wọn mọ́ra. Nàfísàt ìyàwó mi bi mí lánàá, ó ní, "Bàbá Abọ́lá, ẹ sọ òótọ́ fún mi." Ìyàwó mi o! Ó ti tán. A lè fi pẹtiróòlù fọ gíà kó mọ́, kí la fẹ́ fi fọ orúkọ?

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín, Ọ̀gá, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ alága, ẹ sọ fún un pé... Ẹ dúró ná. Kí lẹ ń fìka tọ́ nínú abọ́ yẹn? Ṣebí bọ́ọ̀lù gíà yín nìyẹn? Láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀... Háà! Ha-ha-ha! Ọ̀gá mi ń kà á! Ẹ má dáwọ́ dúró, ẹ kà á tán, ẹ kà á sókè kí èmi náà gbọ́. Ṣé ó pé?