Ohùn Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Fíìmù Wa

Dókítà ti sọ tirẹ̀. Ó ku tèmi. N kò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ọmọ́táyọ̀, ìwọ ni mò ń kọ ọ́ sí, àmọ́ kí gbogbo ìjọ gbọ́.

Nígbà tí orí mi ṣì ń gbóná fún fíìmù, mo kó yín jọ sí gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Crumpsall, nílùú òyìnbó níbí, a ṣe fíìmù ẹranko abàmì tó já bọ́ láti ojú ọ̀run, tí àdúrà ìjọ pa. Adéolú ọkọ rẹ ni ẹranko náà. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì àlòkù ni mo fi rán ẹ̀wù rẹ̀, agbọ̀n ìfọṣọ ni orí. Síìpù ẹ̀yìn ń hàn, ni mo bá rán an pa mọ́ ọn lára. Ó ní, "Bọ̀dá Reuben, bí ìtọ̀ bá gbọ̀n mí ńkọ́?" Mo ní, "Ẹranko ojú ọ̀run kì í tọ̀." Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Iná kámẹ́rà gbóná bí ààrò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ àdúrà: "Kú! Kú! Iná!" Ohùn tìrẹ ló ga jù. Adéolú káwọ́ lérí, ó ń fa agbọ̀n náà. Ẹ rò pé eré ni, ẹ túbọ̀ ń gbóná, nítorí èmi ni mo ní kí ẹ má dákẹ́ títí yóò fi kú. Àmọ́ mo ti so máìkì sínú agbọ̀n náà, kí n lè gba bíbú ramúramù rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ẹ̀rọ ìgbọ́hùn tí mo fi sétí ni mo ti gbọ́ ọ: "Bọ̀dá mi, ẹ tú mi. N ò lè mí." Ìkà ni mí. Ohun tí mo rò ni pé irú eré báyìí kò ní ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. N kò gbójú kúrò lára kámẹ́rà títí ó fi dúró jẹ́ẹ́.

Mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo yọ ohùn rẹ̀ kúrò, mo fi bíbú tèmi rọ́pò. Níbi òkú rẹ̀, o bi mí: "Bọ̀dá, ṣé àdúrà mi kọ́ ló pa á?" Mo ní, "Ọlọ́run ló mọ̀." Láti ìgbà náà, o kò gbàdúrà sókè mọ́.

Fíìmù náà kò tà. Lọ́dún tó kọjá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ń gbé ní Fallowfield rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò dára. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí kí n wá bá wọn wò ó. Adéwálé, olórí wọn, ní, "Grandpa, ẹ̀yin ni legend wa." Nígbà tó kan ibi tí Adéolú ti ń fa agbọ̀n náà, gbogbo wọn dìde, wọ́n káwọ́ lérí bíi tirẹ̀, wọ́n ń jó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rẹ́rìn-ín níbẹ̀ mọ́. Ọmọ́táyọ̀, àdúrà rẹ kò pa ẹnikẹ́ni. Ariwo àdúrà ìjọ bo ohùn Adéolú mọ́ yín létí; kò bò ó mọ́ mi. Dárí jì mí bí o bá lè. Bí o kò bá lè, ṣáà tún gbé ohùn rẹ sókè, ìbáà jẹ́ èpè ni o máa ṣẹ́ lé mi lórí.