Saint Lórí Pósítà Ìsìnkú

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé lẹ́tà ìwáṣẹ́ mi lọ tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Ọ̀rẹ̀, mo sì bá ọkùnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin níbi tí wọ́n ti ń ṣe pósítà ìsìnkú bàbá wọn.

"Ẹ kọ 'A saint has gone home' sí i," ọkùnrin náà wí fún atẹ̀wé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Bàbá tó sún ààlà wọ oko kòkó opó ní Ajue? Kọ ọ́ ní Yorùbá ká wò ó. Kọ 'ẹni mímọ́'."

"Sístà mi, wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

"Irọ́ tí ẹnu rẹ kọ̀, o wá gbé e fún Gẹ̀ẹ́sì."

Àyà mi já. Nínú lẹ́tà mi, mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé n kì í bẹ̀rù ohunkóhun. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n pa á rẹ́, àbí kí n jẹ́ kó bá mi wáṣẹ́?