Igi Tó Dìde Lẹ́yìn Abereke

Ẹ̀yin ará Abereke tí wọ́n ń ka ìwé yìí fún, ẹ má bínú pé n kò lè wá fúnra mi. Inú mi ti wú, ẹsẹ̀ mi ti wú, àwọn dókítà ní Igbókòdá sì ní kí n máa lọ sílé. Mo mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu mi lónìí, nítorí n kò mọ̀ bóyá ẹnu náà á ṣì máa sọ̀rọ̀ lọ́la. Ọdún kẹtàlá rèé tí ẹ ti ń sọ fún ara yín pé igi kan dìde fúnra rẹ̀, ó sì pa Akínbọ̀dé, nítorí pé Adétutù ìyàwó rẹ̀ ṣe àgbèrè. Igi náà dìde lóòótọ́, ojú mi ló ṣe. Ṣùgbọ́n Adétutù kò ṣe ohunkóhun. Èmi Kọ́lájọ, tí ẹ ń pè ní Kọ́lá Onígi, èmi ni mo pa ọkọ rẹ̀, èmi náà ni mo sì dákẹ́ tí ẹ fi lé e kúrò nílùú. Beauty ìyàwó mi ló ń bá mi kọ ọ́ nítorí pé ọwọ́ mi náà ti wú. Òun náà kò gbọ́ ọ rí àfi bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ yìí. Ó ti gbé bírò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó tún gbé e.

Ẹ rántí pé mo fi ìlú sílẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo sì lo ọdún mẹ́jọ nídìí iṣẹ́ gẹdú ní Òrè. Ayùn onẹ́ńjìnnì ni mo gbé padà wálé, ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé omi. Ẹni tí a bí sí Abereke tí kò lè dúró nínú ọkọ̀, ẹ̀sín ni. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé, mo ṣubú sómi láti inú ọkọ̀ Akínbọ̀dé níwájú ọjà, níbi tí omi kò ti ju àyà lọ, mo sì ń ké pé mo kú o. Akínbọ̀dé ló fà mí jáde. Ó yọ mí, kí n má parọ́ mọ́ òkú. Ṣùgbọ́n ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú mi. Ibikíbi tó bá ti rí mi, á pariwo pé, “Ẹ yàgò fún Kọ́lá o, ọma òkè tí kò mọ omi ni, ẹ má jẹ́ kí ìrì gbé e lọ!” Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rín in. Akínbọ̀dé kò ní ìkà nínú, ẹ̀fẹ̀ lásán ló ń ṣe. Èmi ni mo gbé e sọ́kàn, tí mo ń bomi rin ín bí ẹni pé irè oko ni.

Ọdún yẹn, ẹja pọ̀, igi ìdáná ni kò sí. Omi iyọ̀ ti pa igi tó wà nítòsí, àwọn obìnrin á wa ọkọ̀ títí lọ sápá Ode Mahin kí wọ́n tó rí ohun tí wọn yóò fi yan ẹja. Nígbà tó di oṣù keje, ìjì jà, ó sì wó igi abura ńlá kan sínú irà lẹ́yìn abúlé wa, níbi tí ọkọ̀ lè dé. Ó hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Gbòǹgbò náà dúró ṣánṣán bí ògiri ilé, ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì di kòtò ńlá tí omi kún. Akínbọ̀dé ló kọ́kọ́ rí i, ó so àkísà àti ìgbálẹ̀ àlòkù mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí àalè, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé igi náà ti ní ẹni tó ni ín. Ta ló wá ronú kàn? Èmi ni. Ó ní, “Kọ́lá, gbé ayùn rẹ wá, igi yìí tó àwa méjèèjì jẹ.” Ẹ gbọ́ o. Ọkùnrin tí mo ń bá ṣọ̀tá nínú ikùn mi ló pè mí wá pín ohun tí Ọlọ́run fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ tí ẹ̀yin kò mọ̀. Ẹ̀yin mọ ìgbì, ẹ mọ ibi tí ẹja ń sùn, ṣùgbọ́n igi ńlá kì í ṣe iṣẹ́ yín. Igi tí ìjì bá hú, ìtí rẹ̀ tó wúwo tó sùn sílẹ̀ ló ń fa gbòǹgbò rẹ̀ dìde dúró. Bí a bá gé ìtí náà nítòsí ìdí, kò sí ohun tó ń fà á mọ́. Gbòǹgbò á padà wó sínú kòtò tó ti jáde, kùkùté á sì nàró bí ẹni pé ìjì kò jà rí. Kò sí iwin nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin kankan nínú rẹ̀. Ó wúwo ni, ó sì padà síbi tó ti wá. Ní Òrè, ọ̀gá mi ti gbá mi létí lẹ́ẹ̀mejì nítorí rẹ̀. Ó ní ká kọ́kọ́ fi òpó ti gbòǹgbò náà kó má lè padà, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò ẹ̀yìn rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ bàbá mi.

Ọjọ́ méjì la fi gé ẹ̀ka igi náà, tí a fi ọkọ̀ kó o lọ sílé, tí àwọn obìnrin ń jó pàdé wa létí omi. Ní ọjọ́ kẹta, ó ku ìtí. Adétutù gbé oúnjẹ wá fún wa láàárọ̀, ó pọn Jésùtófúnmi ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ padà. Bí mo ṣe ń da epo sínú ayùn ni Akínbọ̀dé rí i tí omi inú kòtò ń mì. Àrọ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín: ta ni nínú yín tó máa rí àrọ̀ nínú kòtò tí kò ní wọ̀ ọ́? Ó gbé gárawa tí a fi ń gbọ́n omi ọkọ̀, ó bẹ́ sínú kòtò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́n ọn. Ó ní, “Kọ́lá, máa gé igi rẹ lọ, èmi ń pẹja lórí ilẹ̀. Má wá síbí o, omi ibí dé orúnkún, ó lè gbé ọ lọ.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ń sọ fún yín pé n kò mọ̀ pé ó wà nínú kòtò. Irọ́ ni. Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú ju ìyẹn lọ. Ó bi mí. Ó gbójú sókè wo gbòǹgbò tó dúró lé e lórí, ó ní, “Kọ́lá, nǹkan yìí ò ní wó lé mi báyìí?” Mo ní, “Igi tó ti kú? Kí ló tún lè ṣe?” Ó gbà mí gbọ́, nítorí pé èmi ni mo mọ igi. Mo fa okùn ẹ́ńjìnnì. Mo máa ń sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ kó bà á lẹ́rù ni, kó sá jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ lójú, kí èmi náà ní ìtàn tí màá máa sọ níwájú ọjà. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo ṣì lè pa ẹ́ńjìnnì, mo ṣì lè pariwo. N kò ṣe ìkankan. Gbòǹgbò padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, omi kòtò náà ta sí mi lójú. N kò gbọ́ ohùn Akínbọ̀dé. Mo dúró síbẹ̀, mo ń pe orúkọ rẹ̀ nígbà tí kò wúlò mọ́.

Beauty ní kí n dákẹ́ ná. Ó bọ́ síta, ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó wọlé. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ẹ gbọ́ igbe mi, ẹ wá, ẹ sì rí kùkùté tó nàró lórí Akínbọ̀dé. Ẹ̀gbọ́n Olówòkéré, tí Akínbọ̀dé jẹ́ àbúrò rẹ̀, ká ọwọ́ lérí, ó ní, “Igi tí ìjì wó lójú gbogbo wa! Ta ló gbé e dìde pa àbúrò mi?” Lọ́jọ́ kejì, wòlíì kan tó ń kọjá lọ sí Araromi yà, ó wo kùkùté náà, ó ní igi kì í dìde pa ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá mọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo ojú ti yí sí Adétutù. Ṣé kí n sọ bó ṣe rí lára mi? Ara tù mí. Mo rí i pé ẹjọ́ ti rí ẹlòmíràn tó máa rù ú. Ẹ̀yìnkùlé lọ́tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Èmi ni aṣeni, inú ilé yín ni mo wà tí mo ń bá yín sunkún.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ikú Akínbọ̀dé ni kì í jẹ́ kí n sùn. Adétutù wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé tí ẹ pè lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú ilé mi, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ọdún mẹ́jọ lẹ fi bá igi ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé igi lè dìde fúnra rẹ̀? Bí ẹ bá lè sọ fún wọn pé ó máa ń ṣẹlẹ̀, wọ́n á fi mí sílẹ̀. Ẹ má wo tèmi, ẹ wo ti ọma yìí.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní láti sọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, ẹ máa bi mí pé, “Kọ́lá, ṣé o mọ̀, o sì gé e?” Mo gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Mo ní, “Ìyàwó, mi ò rí irú rẹ̀ rí.” Kò sunkún. Ó ní, “Ó dáa, ẹ ṣeun,” ó sì jáde. Lọ́jọ́ kejì ẹ fá orí rẹ̀, ẹ fi orin lé e dé etí omi. Ẹ̀gbọ́n Olówòkéré gba ọkọ̀ àti àwọ̀n Akínbọ̀dé lọ́wọ́ rẹ̀. Beauty ní kí n má fo èyí: òun náà wà níbẹ̀, òun ló dá orin náà. Nígbà náà a kò tíì fẹ́ ara wa. Igi tí a ti kó sílé, kò sí ẹni tó láyà láti fi dáná. Èmi nìkan ni mo fi í yan ẹja, ẹ sì ń yìn mí pé Kọ́lá ò bẹ̀rù iwin. Ẹ ò mọ̀ pé kò sí iwin kankan tó yẹ kí n bẹ̀rù ju ara mi lọ.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo rí Adétutù ní èbúté Igbókòdá, ó ń ta omi inú ọ̀rá. Ó ti gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta,” ó gbé omi tútù fún mi, ó sì kọ owó mi. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ilé ìwé bi í pé ta ni mí. Ó ní, “Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ ni.” Mo mu omi náà. Mo mu ún tán níwájú wọn, mo wọ ọkọ̀, mo wá sílé. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn ọmọ ará ìlú wa tó wà níléèwé yẹn ń pe Jésùtófúnmi ní ọmọ oníṣekúṣe. Mo gbọ́ èyí náà, mo sì tún dákẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ìjì bá tún wó igi, ẹ má wọ kòtò ìdí rẹ̀ nítorí ẹja kankan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín ní ohun tí ẹ mọ̀, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí èmi kò sọ kò ju èémí kan lọ, ó sì ti jẹ ẹ̀mí kan, ó jẹ ilé kan, ó jẹ orúkọ ọmọ tí kò mọ nǹkan kan.

Mo fẹ́ kí Beauty kọ ọ́ síbí pé kí ẹ dárí jì mí. Ó kọ̀. Ó ní òun á kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ, ṣùgbọ́n òun ò ní kọ ìyẹn sí ará Abereke, nítorí kì í ṣe ará Abereke ni mo ṣẹ̀ jù, àwọn náà ní ẹ̀bẹ̀ tiwọn láti bẹ̀. Ó ní òun á kọ́kọ́ gbé ìwé yìí lọ sí Igbókòdá, kí Adétutù gbọ́ ọ ṣáájú gbogbo yín, kí òun sì kúnlẹ̀ fún un nítorí orin tí òun dá. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ń gbọ́ ọ, a jẹ́ pé ó ti gbọ́. Bí ẹ bá rí Beauty tó dá nìkan dé, ẹ má bínú sí Adétutù pé kò bá a wá. Kí gbogbo ẹni tó kọrin lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà wọ ọkọ̀, Ẹ̀gbọ́n Olówòkéré ni kó ṣáájú, kí ẹ lọ bá a níbi tó ti ń ta omi, kí ẹ wí fún ọmọ rẹ̀ lójú gbogbo èbúté pé ìyá rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá sin mí tán. Òkú mi lè dúró.