Èmi Kọ́ Ni Mo Fún Eku Tọ́pẹ́ Lóògùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ìyá àgbà ni mí, Ìkìrun ni mò ń gbé. Irọ́ kan tí mo pa lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Tọ́pẹ́, ọmọ ọmọ mi, ka àròkọ níwájú àwọn òbí nílé ìwé rẹ̀. Ó kọ ọ́ nípa bí mo ṣe fi sùúrù tọ́jú eku rẹ̀. Ṣadé, ìyàwó ọmọ mi, ló pàtẹ́wọ́ jù. Mi ò lè wo ojú ẹ̀.

Ìyá tó bí Tọ́pẹ́ ti kú. Òun ló ra eku funfun kékeré yẹn fún un. Nígbà tí ọmọ mi wá fẹ́ Ṣadé, Tọ́pẹ́ ò gbà á. "Àǹtí" ló ń pè é, kì í sì í fẹ́ jẹun lọ́wọ́ rẹ̀.

Eku náà wá ṣàìsàn. Kò lè mí dáadáa. Dókítà ẹran kan ní Inísà fún wa ní oògùn olómi, ó ní ká máa kán an sí i lẹ́nu lójoojúmọ́. Èmi ni Tọ́pẹ́ bẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mo gbìyànjú. Ó pa ẹnu dé, ó yí orí, ó tu oògùn sí mi láṣọ. Lọ́jọ́ kejì, ó bù mí jẹ. Mo ní kó kú tó bá fẹ́ kú.

Ṣadé ló wá gba iṣẹ́ náà ṣe. Tí Tọ́pẹ́ bá ti lọ sílé ìwé, á pa máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ tì, á fi aṣọ ìnura wé eku náà. "Jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi, díẹ̀ báyìí." Tó bá kọ̀, á po oògùn mọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, á fi sórí ìka, á sì jókòó títí eku á fi lá a tán.

Lọ́jọ́ tí eku náà tún ń sáré kiri, Tọ́pẹ́ dì mọ́ mi.

"Màmá àgbà, ẹ̀yin lẹ wò ó sàn, àbí?"

Ṣadé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Èmi ni."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi. Ẹ̀rù ló bà mí pé ẹlòmíì máa gba ọmọ náà mọ́ mi lọ́wọ́.

Eku ti darúgbó, ó ti kú. "Àǹtí" ni Ṣadé ṣì ń jẹ́.

Nígbà tá a dé láti ibi àròkọ yẹn, mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Ó gbá mi mú.

"Màámi, ẹ dìde. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ó ti dárí jì mí. Tọ́pẹ́ wá ńkọ́? Tí mo bá sọ fún un, ṣé kò ní kórìíra mi? Tí mi ò bá sì sọ, ìyá ni mo fi dù ú yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà?